Ẹnu Ẹsẹ̀ Ṣòkòtò Ló Ń Yan Bàtà

Ẹni tó bá ń wá bàtà tí yóò máa wọ̀ sí jíǹsì ní Minna kò ní rìn jìnnà. Láti Ọjà Kure dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Obasanjo Complex, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ gwanjo, ìyẹn àlòkù, sílẹ̀ lẹ́bàá títì nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, bàtà pọ̀ lọ jàra: kánfáàsì funfun, kọ́fà aláwọ, sáńdààlì, páàmù, búùtù tó gun ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọ̀ bàtà àti orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yàn án. A ó sanwó, a ó gbé e délé, a ó wọ jíǹsì lé e, ìgbà yẹn la ó tó rí i pé bàtà dára lọ́tọ̀, ṣòkòtò dára lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn mu.

Tèmi ni pé ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò ló yẹ kó yan bàtà. Bí ẹnu náà ṣe fẹ̀ tó, àti ibi tó bọ́ sí lórí ẹsẹ̀, ni kí á kọ́kọ́ wò, kí á tó wo àwọ̀, kí á tó wo orúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, torí pé eruku Minna àti ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í mójú fo bàtà kankan.

Ẹ tẹ́ ṣòkòtò náà sórí tábìlì, ẹ fi téèpù wọn ẹnu ẹsẹ̀ kan láti etí dé etí, ẹ sì sọ iye tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 12 sí 14, jíǹsì tó fún mọ́ ẹsẹ̀ nìyẹn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní pẹ́ńsù. Bó bá wà láàárín 15 sí 17, èyí tó lọ gbọọrọ láti orúnkún wálẹ̀ ni. Bó bá tó 18 sí 20, ó ti ń yanu díẹ̀ nísàlẹ̀; búùtùkọ́ọ̀tù lorúkọ rẹ̀ lọ́jà. Tó bá ti kọjá 20, bóńgò ni, tàbí àwọn bágì gbàgẹ̀rẹ̀ tó gbòde báyìí. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń rán tirẹ̀, ara ẹni tó tóbi sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó tín-ín-rín, nítorí náà kí ẹ fi iye wọ̀nyí ṣe atọ́nà lásán.

Pẹ́ńsù ló máa ń fi àṣìṣe hàn jù. Láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, aṣọ ò fẹ̀ níbì kankan, bàtà ló kù tí yóò fẹ̀. Bí bàtà náà bá wá ní ìsàlẹ̀ rọ́bà tó nípọn, tí iwájú rẹ̀ sì rí bọ̀ǹbọ̀, ẹni náà á kàn yọ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni. Kánfáàsì pẹlẹbẹ, kọ́fà tí iwájú rẹ̀ gùn díẹ̀, lófà, bàtà obìnrin tó ṣe ṣóńṣó níwájú, àwọn wọ̀nyí ni pẹ́ńsù ń fẹ́. Búùtù náà dára sí i, bí ọrùn búùtù bá ti lè gba etí ṣòkòtò wọlé láì wú. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tó nọ́ńbà 45 sókè, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún un: kò sí bàtà tí yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré lábẹ́ pẹ́ńsù. Kó lọ fi jíǹsì tó lọ gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, ara á tù ú, ojú á sì gbà á.

Ohun mìíràn tó ń ba pẹ́ńsù jẹ́ ni gígùn àjù. Aṣọ tó bá ṣẹ́ po lé ara wọn lọ́rùn ẹsẹ̀ máa ń mú kí èèyàn kúrú, bàtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ì báà wọ́n tó kí ni. Kí télọ̀ gé e, tàbí kí ẹ ká a sínú lẹ́ẹ̀kan, kó dúró síbi tí eegun ọrùn ẹsẹ̀ ti yọ.

Ní ìlú tí mọ́sálááṣí ò jìnnà síni bíi Minna, a kò lè yọ ọ̀rọ̀ àlùwàlá kúrò nínú èyí. Pẹ́ńsù kì í fẹ́ ká sókè kọjá ọrùn ẹsẹ̀, bàtà olókùn sì ń jẹ àkókò nígbà tí wọ́n bá ti pe ìrun. Ẹni tó mọ̀ pé òun á máa bọ́ bàtà léraléra lóòjọ́, lófà, páàmù tàbí kánfáàsì tí kò ní okùn ló bá a mu. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń lọ kí àna tàbí tó ń wọ yàrá àlejò àwọn àgbà, níbi tí bàtà ti gbọ́dọ̀ gbélẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí ọmọ Yorùbá bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ nínú jíǹsì, kó ti dán an wò nílé. Èyí tí kò bá jẹ́ kí orúnkún kanlẹ̀, kó má wọ̀ ọ́ lọ ìkíni rárá. Àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí mìíràn sì wà tí wọn kì í jẹ́ kí ṣòkòtò wọn kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Jíǹsì irú èyí dára púpọ̀ pẹ̀lú sáńdààlì aláwọ tàbí lófà, torí pé awọ ẹsẹ̀ díẹ̀ máa ń hàn láàárín ṣòkòtò àti bàtà. Búùtù ló ń bà á jẹ́. Awọ búùtù á gùn dé ibi tí aṣọ ti tán, àlàfo ò ní sí mọ́, ṣòkòtò á wá rí bí èyí tó kéré jù fúnni.

Èyí tó lọ gbọọrọ kò gba àlàyé púpọ̀, torí òun ló rọrùn jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látilẹ̀: ṣòkòtò iṣẹ́ ni jíǹsì nígbà tí Jacob Davis, télọ̀ kan ní ìlú Reno, àti Levi Strauss, oníṣòwò aṣọ ní San Francisco, jọ gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lọ́jọ́ ogún oṣù karùn-ún ọdún 1873, láti máa fi irin pẹlẹbẹ di ẹnu àpò ṣòkòtò kó má baà ya. Búùtù iṣẹ́ ni àwọn tó ń wọ̀ ọ́ fi ń tẹlẹ̀. Títí dòní, ó ń gba búùtù, ó ń gba kánfáàsì, ó ń gba kọ́fà, àní ó ń gba sáńdààlì. Kí etí rẹ̀ ṣáà kan òkè bàtà, kó ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tówó rẹ̀ ò ju ti jíǹsì kan lọ, èyí ni kó rà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí a dúró dáadáa ni búùtùkọ́ọ̀tù àti bóńgò, torí wọ́n ti padà dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń wọ̀ wọ́n lóde òní kò tíì sí láyé nígbà àkọ́kọ́. Lọ́dún 1970 sókè, nígbà tí bóńgò gba ìgboro kan, bàtà gárántì ni wọ́n ń wọ̀ sí i, bàtà onígìgísẹ̀ gogoro tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn látẹ̀yìn dé iwájú. Àwọn èèyàn máa ń rò pé afẹ́ lásán ni. Bàtà yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: òun ló ń gbé ẹnu bóńgò kúrò nílẹ̀. Ẹnu ṣòkòtò tó fẹ̀ tó íǹṣì 22 tàbí 24, bó bá kúrú, á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè bàtà, ẹwà rẹ̀ á sì lọ. Bó bá gùn, á máa gbálẹ̀. Gìgísẹ̀ tó ga ni kò jẹ́ kí èyí méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wọ bàtà náà kí ẹ tó wọn ṣòkòtò. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹlòmíì wò yín látẹ̀yìn. Ó yẹ kí etí aṣọ fi nǹkan bí ìdajì íǹṣì jìnnà sílẹ̀ lẹ́yìn gìgísẹ̀, kó sì sinmi lórí bàtà níwájú, débi pé ṣóńṣó bàtà nìkan ni yóò máa yọjú. Fún obìnrin, gìgísẹ̀ tó fẹ̀ ló yẹ ní Minna, tàbí bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga látẹ̀yìn wá síwájú láìní àlàfo. Gìgísẹ̀ tó rí tín-ín-rín bí ìṣó máa ń rì sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń há sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá títì. Fún ọkùnrin, búùtù tó mọ níwọ̀n, tàbí kọ́fà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì kan, ti tó. Ohun tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ má wọ páàmù sí bóńgò. Ẹ̀yìn páàmù ṣí sílẹ̀, aṣọ á máa wọ àárín gìgísẹ̀ àti bàtà, ẹ ó máa tẹ ṣòkòtò yín mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ sì lè fi ṣubú.

Èyí ló mú kí n máa sọ pé bàtà ni kí èèyàn gbé lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kó má lọ lọ́wọ́ òfo. Ìṣẹ́tí kan, gìgísẹ̀ kan. Bóńgò tí wọ́n gé sí ìwọ̀n gìgísẹ̀ íǹṣì mẹ́ta kò ní ṣeé wọ̀ pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ sì fọ jíǹsì tuntun kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi àlùmágàjí kàn án. Òwú máa ń sún kì. Sanford Cluett, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1930 fún ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ òwú sún kì kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ìdí sì nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú jíǹsì òde òní kì í fi dín ju díẹ̀ lọ. Àmọ́ jíǹsì tí wọn kò fi ẹ̀rọ yìí sún lè dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá: ẹsẹ̀ tó gùn ní íǹṣì 32 lè sọ íǹṣì mẹ́ta nù lẹ́yìn ìfọ̀. Bí wọ́n bá ti gé e ṣáájú, kò sí télọ̀ tó lè dá a padà.

Àwọn télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká káàkiri àdúgbò, tí wọ́n ń lu àlùmágàjí kó máa dún, lè ṣẹ́ etí jíǹsì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ojú ibi tí ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti kọjá nídìí ìṣẹ́tí. Aṣọ ti di orí-jorí níbẹ̀, abẹ́rẹ́ lásán sì máa ń kán tàbí kó fò. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18 ló yẹ é, kí télọ̀ sì fi òòlù lu ibi tó nípọn yẹn kó lè tẹ́ kó tó rán an.

Bágì ni tàwọn ọmọ yunifásítì lásìkò yìí. Ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí ọgbà FUTMinna ní Gidan Kwano, ẹ ó rí i: ṣòkòtò fẹ̀ láti ìbàdí dé ilẹ̀, aṣọ sì kó jọ sórí bàtà. Níbí, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá sí ti pẹ́ńsù. Kánfáàsì ńlá tó nípọn, èyí tí mo bú níṣàájú, ló bá a lọ, torí pé bàtà kékeré á sọnù sábẹ́ aṣọ, ẹni náà á sì rí bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. N kò rí ohun tó burú nínú àrà yìí, ara wọn yá sí i, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé nínú ooru oṣù kẹta. Àmọ́ kí wọ́n rántí ojú ọ̀nà. Láti Kpakungu lọ, eruku ni lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ni lójò. Òwú ń fa omi sókè: etí bágì tó kan ẹrẹ̀ láàárọ̀ á ti tutù dé àárín ojúgun kó tó di ọ̀sán. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, kí wọ́n ká a sókè lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró lókè bàtà. Ẹni tó bá sì máa gun àṣàbá, ìyẹn ọ̀kadà, kó ká a ṣáájú kó tó jókòó, torí aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ṣéènì, bẹ́ẹ̀ ni sáńdààlì tó ṣí sílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ páìpù èéfín tó ń jó fòfò.

Kánfáàsì funfun ló ń jìyà jù nílùú yìí, ọ̀tá rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èkíní ni ilẹ̀ pupa. Ohun tó mú kó pupa náà ló mú ìpẹtà irin pupa, kì í sì í yòrò nínú ọṣẹ. Bí ẹrẹ̀ bá ta sí bàtà, ẹ má fi omi ra á lójú ẹsẹ̀, á wọnú aṣọ lọ ni. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ọ́n, kí ẹ tó wá fọ èyí tó kù. Jíìkì kì í bọ́ àwọ̀ ìpẹtà, ó sì lè mú kí ojú ibẹ̀ burú sí i.

Ọ̀tá kejì ni jíǹsì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọwọ́ àwọn aládìrẹ ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo á mọ bí ẹlú ṣe ń ranni. Àwọ̀ yẹn náà ni ti jíǹsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1897 tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló gba ipò ti ewé lọ́wọ́ àwọn tó ń hun jíǹsì. Òwú tó dúró lóòró nínú aṣọ ni wọ́n ń rẹ láró, èyí tó gba ìbú kọjá funfun ni, ìdí nìyẹn tí inú jíǹsì fi funfun ju òde lọ. Aró náà kì í wọ àárín òwú; ẹ̀yìn òwú ló ń lẹ̀ mọ́, ó sì ń ha kúrò bó bá ti fara kan nǹkan. Èyí ló ń jẹ́ kí jíǹsì ṣá lọ́nà tó wuni, òun náà ló sì ń sọ ọrùn kánfáàsì funfun di aláwọ̀ ojú ọ̀run láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rẹ jíǹsì sínú omi iyọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè dúró. Iyọ̀ kò ràn án, torí aró ẹlú kì í ṣe irú aró tí iyọ̀ ń dì mú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yí i sódì, kí ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí omi á fi mọ́ díẹ̀. Kó tó dìgbà náà, bàtà dúdú tàbí pupa rúsúrúsú tí awọ rẹ̀ ń dán ni kí ẹ máa wọ̀ sí i, èyí tí aṣọ ọ̀rinrin lè nù mọ́. Bàtà sùwéèdì aláwọ̀ yẹ̀rẹ̀, kí ẹ pa á mọ́ fún jíǹsì tó ti gbó.

Nípa rírà, ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ látàárọ̀, bàtà tó bá gbà á nígbà yẹn kò ní fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbé jíǹsì yín dání tàbí kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ. Ní ọ̀dọ̀ àwọn olùtà gwanjo, ẹ ṣọ́ra fún bàtà tó dà bí tuntun tí ẹnì kankan ò wọ̀ rí. Àwọn ìsàlẹ̀ bàtà kan wà tó dà bíi fóòmù. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú ilé, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ wọ́n láti inú wá, ó lè má hàn lóde. Ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ sí Tunga ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bó bá padà sípò, ó yá. Bó bá tẹ̀ wọlé síbẹ̀, tó ń ya tàbí tó ń bu lọ́wọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Èyí tó jẹ́ tuntun láti Aba náà, tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e fún àwọn ṣúmékà kí wọ́n fi okùn rán an yíká kí ẹ tó gbé e jáde. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan kan sí iye bàtà mìíràn.

Fún ibi iṣẹ́ tó ń gba jíǹsì lọ́jọ́ Jímọ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ tí kò ya níbì kankan ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú kọ́fà tàbí lófà aláwọ. Bàtà pupa rúsúrúsú máa ń gbé àwọ̀ ẹlú yọ ju dúdú lọ. Dúdú ni kí ẹ fi ti jíǹsì dúdú. Jíǹsì kréésì, èyí tí wọ́n fa orúnkún rẹ̀ ya, kánfáàsì ló mọ̀. Ẹni tó bá wọ kọ́fà tó ń dán sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ọ́fíìsì, orúnkún rẹ̀ ń lọ pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó bá sì ti kúrò ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn lè máa wọ búùtù wọn sí jíǹsì tó lọ gbọọrọ. Ó le, ó ga, ẹrẹ̀ ò sì bà á lẹ́rù.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, awọ bàtà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, á sì máa là níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Niger ni òrí ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, nítorí náà kò wọ́n lọ́jà wa. Ẹ gbọn eruku bàtà dànù, ẹ fi òrí díẹ̀ pa awọ náà lálẹ́, kó mu ún mọ́jú, kí ẹ tó fi pólíìṣì kùn ún láàárọ̀. Sùwéèdì nìkan ni kí ẹ má fi òrí kàn, torí irun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á sì ṣú. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi ṣe tirẹ̀.